Kí òpó irin tó nàró lóko yín: ilẹ̀ ta lẹ fẹ́ gbẹ́ ihò sí?

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, àsìkò ilé kíkọ́ lóko ti dé, ìbéèrè kan náà ló sì kún fóònù mi: "Ọ̀gá Agric, mo fẹ́ fi irin kọ́ abà, páìpù wo ni kí n rà?" Inú mi dùn sí i. Lápá Òkè-Ògùn níbí, ẹni tó bá ti fi igi kọ́ abà rí mọ ohun tí ikán lè ṣe. Òpó á ṣì dúró, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, inú ẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Irin ò sí lára oúnjẹ ikán. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀, ó lè sìn yín títí ọmọ yín á fi gba oko lọ́wọ́ yín.

Ìdí gan-an nìyẹn tí mi ò fi kì í kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ páìpù. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: ilẹ̀ ta lẹ fẹ́ gbẹ́ ihò sí?

Àwọn kan rò pé mò ń tọpinpin ni. Rárá o. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ọjọ́ tó bá gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ ni onílẹ̀ á dé, torí lójú onílẹ̀, ẹni tó gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ fẹ́ gba ilẹ̀ náà ni. Símẹ́ǹtì àti irin wá burú ju kòkó lọ.

Ìyá kan wà tí mò ń ṣe àbẹ̀wò sí oko wọn. Opó ni wọ́n. Orí ilẹ̀ ẹbí ọkọ wọn ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo, wọ́n sì tún ń ra tàwọn ẹlòmíì jọ. Ibi tí wọ́n máa kó o sí ni ìṣòro. Yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ní ń jò, torí náà ìgbà tí àgbàdo bá pọ̀ lọ́jà, tí owó ẹ̀ wálẹ̀, ni wọ́n máa ń tà á. Wọ́n wá dá àjọ fún ọdún méjì. Wẹ́dà ti ṣírò iṣẹ́ fún wọn, ó ní kí wọ́n tètè mówó wá torí irin ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Wọ́n pè mí kí n wá bá wọn wo ìwé tí wẹ́dà kọ.

Mo wò ó, ìṣirò ẹ̀ dáa. Mo wá bi wọ́n pé ṣé ẹbí ọkọ wọn gbọ́ sí i. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Agric, ilẹ̀ tí mo ti ń roko láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, ṣé mo tún ní láti tọrọ ààyè níbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, opó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ. Ọmọ ló ń jogún bàbá ẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí wọn ò tíì pín, gbogbo ẹbí ló ni ín. Mo sọ fún wọn pé owó àjọ ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ rì mọ́ ilẹ̀ yẹn, tí ìjà bá sì dé lẹ́yìn tí kankéré ti le, kò sí bí wọ́n ṣe máa hú u.

Ní pólì tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ya àwòrán abà sórí ìwé. Wọn ò kọ́ wa ní ìpàdé ẹbí. A gbé obì, a lọ bá olórí ẹbí. Ìpàdé àkọ́kọ́ ò dáa rárá. Àbúrò ọkọ wọn, tí ìyá ń pè ní ọkọ mi bí àṣà wa, fárígá: "Ìyàwó wa, àgbàdo la mọ̀ pé ò ń gbìn. Ìgbà wo ló di ilé kíkọ́?" Ká sòótọ́, mi ò lè pe ìyẹn ní ìwà ìkà. Ó ti rí i níbòmíì, níbi tí abà ti di ṣọ́ọ̀bù, tí ṣọ́ọ̀bù di ilé, tí ilé sì di ẹjọ́.

Irin fúnra ẹ̀ ló tú ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣàlàyé pé a ò ní ri òpó sínú kankéré. A ó gbẹ́ ihò ìpìlẹ̀ fún òpó kọ̀ọ̀kan, a ó da kankéré sí i, a ó ki bóòtù mẹ́rin mẹ́rin bọ̀ ọ́ kó tó le. Wẹ́dà á jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ìdí òpó, a ó wá fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ bóòtù yẹn. Bóòtù náà la ó fi de irin òrùlé mọ́ òpó. Ọjọ́ tí ẹbí bá fẹ́ ilẹ̀ wọn, sípánà ni ìyá máa mú wá. Kankéré inú ilẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé abà alárìnkiri nìyẹn?" Ìpàdé kejì ni wọ́n tó gbà, wọn ò sì fún ìyá níbi tí wọ́n fẹ́ létí odò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n fún wọn.

A kọ ọ́ sílẹ̀: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, irin àti páànù jẹ́ ti ìyá àtàwọn ọmọ wọn. A kọ iye ọdún tí abà máa lò níbẹ̀, àti iye oṣù tí ẹbí máa fi sọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó kúrò. Olórí ẹbí buwọ́ lù ú, àbúrò ọkọ yẹn náà buwọ́ lù ú, àkọ́bí ìyá buwọ́ lù ú, ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Tówó yín bá ká a, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo tiyín.

Ẹ gbọ́ o, abà oníbóòtù ní àbùkù tiẹ̀. Òpó tí wọ́n ri sínú kankéré fúnra ẹ̀ máa ń dúró gbọin jù ú lọ. Ẹni tó bá ni ilẹ̀ ẹ̀ láìsí àríyànjiyàn, kó ri tiẹ̀ wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹni tó bá máa lo bóòtù, kó má jẹ́ kí wẹ́dà fo irin tó dábùú láti ìdí òpó kan dé orí òpó kejì sílẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí abà mì. Wẹ́dà tó bá fẹ́ dín owó kù fún yín, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn tiẹ̀ wá dáa ju etí odò lọ, torí lọ́rì lè dé ibẹ̀ lásìkò òjò, omi ò sì ń dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gígùn abà lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ á máa ba ẹ̀gbẹ́ tóóró nìkan. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń ṣí òrùlé lọ, ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà wá níhìn-ín, torí náà ẹ dí ẹ̀gbẹ́ tóóró ìhà ibẹ̀ pa. Tí atẹ́gùn bá ráyè wọ abẹ́ páànù, ó ti fẹ́ gbé e nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iye òpó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Abà ẹsẹ̀ bàtà 40 ní gígùn, 20 ní ìbú, tí òpó jìnnà síra ní 10: òpó 5 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe 4, torí ẹ gbọ́dọ̀ ka òpó méjèèjì ìpẹ̀kun. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 10. Tí ihò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níbùú lóròó, tó jìn ní 3, tẹ́ ẹ sì po kankéré ní símẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, símẹ́ǹtì á gbà tó àpò 12. Ẹ fi 1 tàbí 2 kún un. Kí ẹ tó gbẹ́ ihò, ẹ na okùn láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, lọ́nà méjèèjì. Okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 44 àti ínǹṣì 8 àbọ̀. Tí wọn ò bá dọ́gba, abà yín ti wọ́ nìyẹn, páànù ò sì ní bára mu.

Páìpù tí gbogbo yín ń bèèrè wá nìyí. Ẹ mú ohun ìwọ̀n dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọn ẹnu páìpù níbi tí wọ́n ti gé e, torí èyí tí wọ́n bá pè ní mìlímítà 2 lè má tó bẹ́ẹ̀. Galvanized dáa ju páìpù dúdú lọ, àmọ́ ibi tí iná wẹ́dà bá ti kàn án ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ló ti máa dógùn-ún. Ẹ fi ọ̀dà pupa agbógun-ti-ìpẹtà kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí orí kankéré ga ju ilẹ̀ lọ ní ínǹṣì 4 sí 6, kí omi má bàa dúró nídìí irin.

Abà ò sì ní bá yín gbẹ àgbàdo. Kí omi inú ẹ̀ ti wálẹ̀ sí bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó kó o jọ sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má sì kan ògiri. Ẹ fi ihò atẹ́gùn tó ní nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lókè, torí páànù máa ń làágùn lóru, omi ẹ̀ á sì máa kán sórí àpò.

Ẹni tó bá fẹ́ da ìpìlẹ̀ nínú ọyẹ́ yìí, atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń fa omi inú kankéré kó tó lágbára. Ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, kí wẹ́dà tó gbé òpó dé.