"Jẹ" àti "Mu" ní Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré méjì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, "jẹ" àti "mu", nítorí díẹ̀ ló kù kí n fi ẹ̀mí ẹlẹ́mìí kọ́ ìyàtọ̀ wọn.

Iṣẹ́ mi ni láti kun aláìsàn lóorun kí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹni tí oorun yìí bá kùn kò lè wúkọ́. Bí oúnjẹ bá wà nínú àpòlúkù rẹ̀, ó lè gòkè wá, kí ó gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀ fóóró. Ti aboyún tún léwu jù, nítorí ilé-ọmọ ti ti àpòlúkù sókè. Ní ọdún 1946, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Curtis Mendelson, kọ̀wé nípa aboyún 44,016: 66 nínú wọn ni èyí ṣẹlẹ̀ sí, 2 sì kú. Ìdí nìyí tí a fi ń ní kí wọ́n má jẹun fún wákàtí 6, kí wọ́n má sì mu omi lásán fún wákàtí 2 ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aboyún kan wá tí a ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì, nítorí náà n kò lè gún un lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn bí a ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ wọn; àfi kí ó sùn.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá. Ǹjẹ́ ẹ jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o, dókítà. Láti alẹ́ àná ni n kò ti jẹun."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ síkáànì wà nítòsí. Kí n má parọ́, n kò fura rárá. Ọwọ́ ni mo fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ tuntun náà. Mo ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, mo sì gbé orí ẹ̀rọ sí abẹ́ egungun àyà rẹ̀. Àpòlúkù tó ṣófo a máa hàn bí òrùka kékeré. Bí omi bá wà níbẹ̀, a dúdú. Bí oúnjẹ bá wà níbẹ̀, a rí kúrukùru. Tirẹ̀ wú, ó sì rí kúrukùru.

"Ìyá, ṣé ẹ mu nǹkan ni?"

"Mo mu gàrí, dókítà. Ìyá ọkọ mi ló bù ú fún mi ní agogo mẹ́fà, kí ebi má baà pa ọmọ. Ṣùgbọ́n n kò jẹun."

Kò parọ́! Ẹ̀bà ni à ń jẹ; gàrí olómi, mímu ni. Ẹ̀kọ inú ewé, jíjẹ. Ẹ̀kọ gbígbóná, mímu. (Ọsàn pàápàá, a ní a mu ún.) Èdè rẹ̀ gún régé. Èmi tí mo wo fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró ni mo ṣìnà.

A sún iṣẹ́ náà síwájú. Oníṣẹ́ abẹ bínú, ìyá ọkọ bínú jù ú lọ. Ní agogo méjì ọ̀sán mo tún yẹ̀ ẹ́ wò: òrùka kékeré. Síbẹ̀, mo ṣọ́ra bí ẹni pé ó kún, nítorí aboyún ni. Ọmọbìnrin ló bí, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

Nísinsìnyí, bí mo ṣe ń béèrè ni pé, "Kí ló gba ẹnu yín kọjá gbẹ̀yìn, ní agogo mélòó?" Ìyá Ìjẹ̀bú kan ronú títí kí ó tó dá mi lóhùn: "Gàrí ni o, dókítà. Ṣé ìyẹn náà wà nínú rẹ̀?"