Ẹ Má Tìtorí Awọ Tó Bó Pa Ìtọ́jú Tì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ni, àrùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ sókè. Ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ máa ń ṣe sí awọ ara ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà lè jìn kí obìnrin rìn ín dé ìdajì, kí ó rí i pé ara òun dúdú, pé ó ń bó, kí ẹ̀rù bà á, kí ó sì padà sílé láì gba ìyókù. Ìbẹ̀rù yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Ìyá tí ó bí mi ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú, ní Abẹ́òkúta. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí àwọn dókítà rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀ ọ̀tún, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ ni, wọ́n gé kókó náà kúrò, wọ́n sì dá ọmú sí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí ó wá gba ìtọ́jú onítànṣán ní ìgbà 25, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìbàdàn ni ọsibítù tí ẹ̀rọ náà wà, níbẹ̀ náà sì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, nítorí náà ọ̀dọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni Màmá wá dé sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Ìtànṣán yìí jẹ́ ìbátan èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. A kì í fi ojú rí i, kì í sì í dun ni nígbà tí ó bá ń wọ ara. Màmá a dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ a kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a sì ní kí ó dìde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aráyé ti mọ irú agbára yìí ni awọ ara ti ń jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1901, Henri Becquerel, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, fi ìgò kékeré kan tí rédíọ̀mù wà nínú rẹ̀ sí àpò wẹ́síkóòtù rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ibi tí àpò náà kàn lára rẹ̀ jó, ó sì di egbò. Pierre Curie, ọ̀rẹ́ rẹ̀, mọ̀ọ́mọ̀ gbé rédíọ̀mù lé apá ara rẹ̀ láti wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Irú egbò bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn dókítà rò ó pé ohun tí ó lè pa awọ ara lè pa àrùn inú ara pẹ̀lú.

Kí ló dé tí awọ fi ń jìyà? Awọ wa kì í dúró lójú kan. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń hù tuntun, èyí tí ó gbó lókè a sì máa ṣí dànù, tí gbogbo rẹ̀ fi ń yí padà láàrin nǹkan bí oṣù kan. Ohun tí ó bá ń hù kíákíá ni ìtànṣán ń bá jà jù. Jẹjẹrẹ ń hù kíákíá, awọ náà ń hù kíákíá, àwọn méjèèjì ni ó sì ń kàn. Ṣùgbọ́n ara tí ó dára mọ bí a ti ń tún ara ṣe ju jẹjẹrẹ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín ìtọ́jú náà sí wẹ́wẹ́, kí ara lè máa rí àyè mí láàrin.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kò sí nǹkan kan. Màmá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé owó ọkọ̀ lásán ni a ń ná. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ibẹ̀ ń gbóná wọ́ọ́rọ́, ó sì ń yún òun. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi ń parí, gbogbo ojú ibi tí ẹ̀rọ ń kọjú sí ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn, wọ́n kọ ọ́ pé awọ yóò pọ́n. Awọ òyìnbó ni ó ń hàn bẹ́ẹ̀. Tiwa máa ń dúdú sí i, pípọ́n rẹ̀ kì í sábà hàn síta, ẹni tí ó bá ń wá pípọ́n lè wò ó kọjá kí ó sì rò pé kò sí ewu. Nọ́ọ̀sì kan tí ó mọ iṣẹ́ sọ fún Màmá pé, “Màmá, ẹ máa sọ fún wa bí ó bá ń ta yín, bí ó bá ń yún yín, bí ó bá ń gbóná. Ẹ má dúró de ìgbà tí a bá fojú rí i.” Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wàhálà dé. Abẹ́ ọmú àti abíyá, níbi tí ara gbé ń kan ara tí òógùn sì ń pọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Omi ń jáde níbẹ̀. Màmá kò lè gbé apá sílẹ̀ dáadáa, kò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbéra láti Ìtọ́kú wá kí i. Nígbà tí ó rí ibẹ̀, ó ké. “Yéè! Ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ ni, àbí wọ́n ń yan ọ́ bí ẹja?” Ó tú ìdì kan tí ó mú bọ̀: orí àti àdín tí wọ́n fi ewé kan pò. Ó ní kí á fi aṣọ inú omi gbígbóná jó ibẹ̀ kí á tó fi í pa á. Ó tún ní kí á má jẹ́ kí ọmọ wa kékeré sún mọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mọ́, nítorí iná ẹ̀rọ ṣì wà lára rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó mú ìyá yìí wá láti Abẹ́òkúta, n kò sì lè bú u. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ọkàn Màmá ti yí padà.

Lálẹ́, ó pè mí. “Àkànní, n kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ogún tí mo gbà tó. Bí ikú bá ń bọ̀, kó wá bá mi níbi tí ara mi gbé tutù.”

Ó ku márùn-ún péré. Ẹ̀yin ará, ọmú tí mo mu dàgbà ni à ń sọ yìí o. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìwé bá a jà, n kò ní í borí, nítorí náà mo bi í ní ìbéèrè. Aláró ni ìyá tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

“Màmá, nígbà tí Ìyá Àgbà ń pa aró, ìgbà mélòó ni wọ́n ń rì aṣọ kan sínú aró?”

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. “Bí a bá ti fẹ́ kó dú tó ni. Ó lè tó ìgbà mẹ́fà, ó lè tó mẹ́jọ. A ó rì í, a ó fà á yọ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, a ó tún rì í.”

“Bí ènìyàn bá wá fi í sílẹ̀ nígbà tí ó ku díẹ̀ ńkọ́, tí ó ní apá ń dun òun?”

“Aró rẹ̀ yóò ṣí bí wọ́n bá ti ń fọ̀ ọ́. Ojú yóò ti oníṣòwò.”

N kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Òun náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣàlàyé pé àwọn dókítà ti ka iye ìgbà náà pọ̀ ni, pé ohun tí ó bá ṣẹ́kù lára jẹjẹrẹ lè rí àyè padà hù bí a bá dá ìtọ́jú dúró lójú ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ni ó kọ́kọ́ wọṣọ.

A fi ibi tí ó bó hàn wọ́n ní ọsibítù. Kò ya nọ́ọ̀sì lẹ́nu rárá. Ó fi omi oníyọ̀ ti ọsibítù fọ̀ ọ́, ó fi báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò bò ó, dókítà sì fún un ní oògùn ìrora. Dókítà wò ó, ó ní kí á máa bá ìtọ́jú lọ. Bí ó bá ti ní kí á sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, à bá sinmi, nítorí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí kí ènìyàn jókòó sílé fúnra rẹ̀.

Nílé, ìyàwó mi ni ó gba ìtọ́jú Màmá lọ́wọ́ mi, nítorí ojú ń ti ìyá láti tú ara sílẹ̀ níwájú ọmọkùnrin. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òwe yìí ni gbogbo òfin tí wọ́n fún wa. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò ní òórùn ni kí á fi wẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ sí kànrìnkàn níbẹ̀. Kí á má ṣe ha àmì tí wọ́n fi ìnkì sà sí i láyà. Aṣọ rírọ̀ ni kí á fi tẹ omi gbẹ, kí á má fi nù ún. Kí á má fi omi gbígbóná jó o, kí á má sì gbé yìnyín lé e. Kò gbọdọ̀ sí pàúdà, lọ́fínńdà, àbóníkí tàbí agbo lójú ibẹ̀, kí á má sì lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ìpara tí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí ni kí á rọra fi pa ibi tí kò tíì bó, kí ó má sì nípọn bí ó bá ń lọ sídìí ẹ̀rọ. Orí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú wá ńkọ́? A gbé e pamọ́. Orí kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n a kò mọ ewé tí ó wà nínú rẹ̀, egbò tí ó ṣí sílẹ̀ kì í sì í ṣe ibi ìdánwò.

Ní ti aṣọ, Màmá ni ó kọ́ wa. Ẹni tí ó ti ta aṣọ ní ogójì ọdún kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bi nọ́ọ̀sì ohun tí òwú jẹ́. Ó ti léèsì àti nẹ́lọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bọ́ kọ́mú, ó sì ní kí ìyàwó mi fi àdìrẹ àtijọ́ kan tí ó ti rọ̀ rán bùbá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì fún òun. Kò sún mọ́ ààrò, kò sì jókòó sínú oòrùn.

Ní ti ọmọ wa, orí itan ìyá àgbà rẹ̀ ni ó wà. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń rán wọlé láti ìta dà bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù: bí a bá ti pa á, ó ti tán. Kò sí èyí tí ó ń dúró lára aláìsàn tí yóò ran ọmọ tàbí ọkọ.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín nípa ohun kan. Nígbà tí Màmá gba èyí tí ó kẹ́yìn, a rò pé ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Rárá o. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí a bá parí ni ó sábà máa ń le jù, nítorí iṣẹ́ ìtànṣán kò tíì tán nínú awọ. Lẹ́yìn náà ni ó gbẹ, tí ó ṣí bí ìpẹ́pẹ́, tí awọ tuntun sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Kí oṣù kan àti ààbọ̀ tó pé, egbò ti jinná. Dúdú rẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, díẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tí egbò ń yọ ọyún, tàbí tí ó ń rùn, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gba ọsibítù lọ.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé iye ìgbà kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà fi èyí tí ó jẹ́ ìgbà 15 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wé ti ìgbà 25. Ní ọdún 2013 ni wọ́n tẹ èsì ọdún mẹ́wàá jáde pé ti ìgbà 15 bá jẹjẹrẹ jà dáadáa bíi ti àtijọ́, ó sì fi ara lọ́rùn sílẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n tẹ èsì ti ìgbà 5 ní ọ̀sẹ̀ kan jáde. Nítorí náà ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé, “Mélòó ni tèmi, kí sì nìdí?” Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ka á fún yín, ẹ gbà á pé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi ara tí ó dúdú tàbí tí ó bó pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ọmọ àti ọkọ, ẹ bá wọn lọ, ẹ ka ọjọ́ pẹ̀lú wọn, ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n dá nìkan wà ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá le. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ń bọ̀ wá kí aláìsàn, ẹ mú ọsàn wá, ẹ mú owó ọkọ̀ wá, ẹ mú ìtàn ọjà wá kí ẹ fi pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ fi egbò sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò.