Ohun Ìṣeré Kì Í Gbé Orí Pẹpẹ: Ìrìn Kan ní Ìgbèríko Adja-Ouèrè

Ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ ń lọ sí Adja-Ouèrè yóò kọ́kọ́ kọjá Sakété kí ó tó dé Ikpinlè. Ní Ikpinlè ni ọjà wà, níbi tí àwọn oníṣòwò, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọlọ́kọ̀ zémidjan ti máa ń pàdé. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ pupa ni ojú ń rí, ọ̀pẹ sì pọ̀ débi pé àlejò lè rò pé ọgbà ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń là kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè wà ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn Benin. Kétu wà ní àríwá rẹ̀, Sakété ní gúúsù, Pobè ní ìlà-oòrùn. Ọ̀nà mẹ́fà ni ó pín sí: Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, Ikpinlè, Kpoulou, Massè, Oko-Akarè àti Tatonnonkon. Nàgó, Họ̀lì àti Fọn jọ ń gbé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó gbọ́ èdè méjì, tí ó sì ń kọ́ Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ohun ìyanu níbẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ mú mi mọ ọ̀nà yìí ni ohun ìṣeré ọmọdé. Fún nǹkan bí ọdún méjìlá, ní gbogbo ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama wa bá ti wà ní ìsinmi, mo máa ń gun alùpùpù lọ sí àwọn abúlé náà, mo sì ń ṣàkójọ ohun tí àwọn ọmọdé fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ, àwọn mìíràn ń kó sítáǹpù. Ní tèmi, ọkọ̀ alágolo àti ọmọlangidi ni.

Ọ̀pẹ ni ìyá gbogbo nǹkan ní agbègbè yìí. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, nítòsí ibẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá lára ọ̀pẹ ni epo. Ohun tí àwọn ọmọdé ń wá lára rẹ̀ yàtọ̀. Bí àgbàlagbà bá gé imọ̀ ọ̀pẹ lulẹ̀, ọmọdé á fa ìdí rẹ̀ tí ó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ọ̀bẹ là á, á gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, á sì fi ẹ̀gún kan àwọn ègé náà mọ́ra wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ti dé. Níbi tí ògùrọ̀ bá wà, tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí ó fúyẹ́ ju ti ọ̀pẹ lọ. Àwọn mìíràn á fi agolo sàdíìnì ṣe ara ọkọ̀, wọ́n á gé bàtà rọ́bà tí ó ti já ní róbótó-róbótó láti fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá fi okùn gígùn fà á lọ sí odò. Òkòtó náà wà, èyí tí wọ́n fi ìkarahun ìgbín kékeré ṣe, tí wọ́n ń fi ìka ta kí ó máa pòòyì. Ẹni tí òkòtó rẹ̀ bá pẹ́ jù lórí ìdúró ni ọ̀gá.

Kíkó irú nǹkan báyìí jọ kì í ṣe àṣà tuntun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Charles Béart, ará Faransé tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal, níbi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Dahomey ti gba ẹ̀kọ́, kọ ìwé apá méjì lórí eré àti ohun ìṣeré Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí IFAN ní Dakar ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1955. Olùkọ́ ni òun náà, ó sì mọ̀ pé ohun tí ọmọdé ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, ìtara mi pọ̀ sí i. Mo kan pẹpẹ mẹ́ta mọ́ ògiri yàrá mi, mo to àwọn nǹkan náà sí i, mo kọ orúkọ abúlé àti ọdún sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, wọ́n lé ní ọgọ́ta.

Ìtara náà kò lọ lójijì. Bí iná àdògán tí ẹnikẹ́ni kò pa ni ó ṣe ń rọlẹ̀. Ní ìsinmi kan, mo lọ dé Kpoulou, mo padà láìmú ohunkóhun bọ̀, inú mi sì dùn bákan náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo ra ọkọ̀ kan ní Oko-Akarè, ó sì wà nínú àpò mi fún oṣù méjì kí n tó rántí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó rẹ̀ mí ni bí? Ó tì o, nítorí ìrìn náà kò sú mi rí. Àwọn nǹkan orí pẹpẹ nìkan ni kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìdáhùn náà wà lójú ọ̀nà, àwọn abúlé ni ó sì fi hàn mí díẹ̀díẹ̀.

Ní àkókò ìkórè àgbàdo àkọ́kọ́, ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, ẹ ó rí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí wọ́n pọn àgbàdo. Wọ́n á mú odidi àgbàdo tútù kan tí irun rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, wọ́n á di irun náà, wọ́n á fi àkísà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, wọ́n á sì máa rẹ̀ ẹ́ kí ó má sunkún. Irun ọmọ yìí pupa, ó sì ń dán. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, irun náà á gbẹ, á sì já. Nígbà náà, wọ́n á sun àgbàdo ọ̀hún jẹ, wọ́n á sì bí ọmọ mìíràn láti inú oko. Kí ni olùkójọ yóò kó nínú èyí? Bí ó bá mú un délé, ṣùkù gbígbẹ ni yóò bá nínú àpò rẹ̀.

Bí a bá gba ọ̀nà Massè lọ sí ìhà ibi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Lama, ilẹ̀ pupa á parí, amọ̀ dúdú á bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ yìí á di ẹsẹ̀ àti táyà mú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á sán tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ á fi wọ inú rẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, awakọ̀ ń ṣépè fún un, ọmọdé ń fi í ṣe màlúù, ìkòkò, rédíò àti ènìyàn. Wọn kì í sun ún níná. Orí àpáta tàbí ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń sá a sí. Òjò tí ó bá tún rọ̀ á mú agbo màlúù náà padà sínú ilẹ̀ tí ó ti wá, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn láìbínú. Mo rí màlúù kan níbẹ̀ tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi béèrè bóyá mo lè rà á. Ọmọkùnrin tí ó ni í wò mí, ó ní: "Ṣé ẹ máa ń fi wọ́n ṣeré?" Mo ní rárá, orí pẹpẹ ni mo ń gbé wọn sí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì kọ̀. Ó kàn sọ pé: "Á fọ́ lọ́nà." Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ni pé ọmọdé àti àgbà nílò ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ibi tí ohun ìṣeré wà: ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó gan-an ni àgbàlagbà ń gbé e sí. Ọkọ̀ ọ̀pẹ tí ó ti gbẹ lórí pẹpẹ kò yí mọ́. Kòkòrò wọ inú rẹ̀, ó sì ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀ ní òròòwúrọ̀. Èyí tí wọ́n ń fà lórí ilẹ̀ pupa náà kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rin ìrìn àjò kí ó tó bàjẹ́.

Ohun kan náà ni mo rí nínú ère ìbejì. Ère ìbejì kì í ṣe ohun ìṣeré, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú ni a máa ń gbẹ́ ẹ, ìyá á sì máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn kùn ún, á máa fún un ní oúnjẹ bí ó ti ń fún èyí tí ó wà láàyè. Ọ̀pọ̀ irú ère bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní ọwọ́ àwọn olùkójọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí. Èyí tí ojú àti imú rẹ̀ ti pa rẹ́ nítorí wíwẹ̀ àti fífọwọ́pa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn jù, nítorí ọwọ́ ìyá hàn lára rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí ère náà bá wọ inú àpótí dígí ni ọwọ́ ìyá dẹ́kun. Ohun tí wọ́n rà nítorí rẹ̀ ni wọ́n dá dúró.

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, tí Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀, tí UNESCO sì kéde ní ọdún 2001, tí ó tún kọ sínú ìwé ogún ọmọ ènìyàn ní ọdún 2008. Lórí àwọn ẹ̀kú kan, ère kéékèèké wà tí a ń fi okùn fà: ejò ń ṣán, ẹyẹ ń sá oúnjẹ, àwọn òǹwòran ń pariwo. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé, okùn náà wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ń fà á.

Àwọn kan yóò sọ pé ike ni ó pa àwọn nǹkan wọ̀nyí. Òótọ́ ni pé ohun ìṣeré ike pọ̀ ní ọjà Ikpinlè, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á yára dá ike lẹ́jọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìyá ti fi ọmọlangidi oníke rọ́pò ère ìbejì. Wọ́n rà á lọ́jà, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ aṣọ fún un, wọ́n bọ́ ọ, ó sì di ohun ọ̀wọ̀. Ní Yúróòpù, ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ń kó ọkọ̀ irin kéékèèké jọ, irú ti Majorette, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Faransé ní ọdún 1961, èyí tí ọmọdé kò fọwọ́ kàn rí, tí ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, ni owó rẹ̀ sì ń pọ̀ jù. Igi lè di òkú nǹkan lórí pẹpẹ, ike sì lè yè lọ́wọ́ ìyá. Ìlò ni ó ń pinnu rẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù wà níbòmíràn. Ọmọkùnrin tí ó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀gún kan ọ̀pẹ mọ́ra láìjẹ́ kí ó là, ta ni ó kọ́ ọ? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ kan tí ó jù ú lọ ní ọdún mẹ́ta. Àgbàlagbà kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà, ìwé kò sí, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni olùkọ́ fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n bá tètè lọ sí Kutọnu tàbí Èkó láti wá iṣẹ́, okùn náà á já láàárín ọdún mélòó kan. Ọgọ́ta ọkọ̀ lórí pẹpẹ mi kò lè so ó padà, nítorí ọkọ̀ tí ó ti parí kì í sọ bí a ṣe ṣe é.

Nítorí náà, mo ti sọ pẹpẹ méjì di ti ìwé. Àwọn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń yí ni mo kó lọ fún àwọn ọmọdé àdúgbò wa. Wọ́n fi wọ́n ṣeré títí wọ́n fi bàjẹ́, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń lọ sí Adja-Ouèrè. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni mo ń mú dání báyìí: oṣù wo ni wọ́n ń ṣe èyí, igi wo ni, ọ̀bẹ wo ni, kí ni orúkọ tí Nàgó ń pè é, kí ni Họ̀lì ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ti abúlé wá ni ó ń tún àṣìkọ mi ṣe. Ìyá àgbà kan ní Tatonnonkon sọ fún mi pé: "Ọmọ mi, kí o kọ ọ́ dára, ṣùgbọ́n jókòó kí o ṣe ọ̀kan ná." Mo ṣe é. Kò yí dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Àjàṣẹ́, ní Kutọnu tàbí ní Paris, bí ẹ bá lọ kí ẹbí ní oṣù Kẹjọ, ẹ ní kí àbúrò yín ní abúlé kọ́ yín ní ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ lọ sí ìhà Massè kí òjò kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí amọ̀ ṣì rọ̀ níwọ̀nba. Ẹ wọ bàtà tí kò ní dùn yín bí ó bá bàjẹ́. Ohun tí ẹ bá mọ lè má dé ilé pẹ̀lú yín; ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ bí a ṣe ń mọ òmíràn.