Aṣọ àti Àkísà: Àwọn Onímọ̀ Ìṣirò Nínú Sinimá

Bí ènìyàn bá wo sinimá Òyìnbó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó dá lórí onímọ̀ ìṣirò, yóò ṣàkíyèsí pé irú ènìyàn kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú wa. Ọkùnrin ni, ó dá wà, orí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ pé. Yóò dúró níwájú bọ́ọ̀dù, yóò tẹjú mọ́ ọn. Orin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́lẹ̀. Lójijì, ojú rẹ̀ yóò là, ṣọ́ọ̀kì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí bọ́ọ̀dù. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ìṣòro tí ó ti ń dààmú àwọn ọ̀mọ̀wé láti ọjọ́ pípẹ́ ti yanjú. Mo fẹ́ràn irú sinimá bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́ fún wa. Ohun náà ni àkókò.

Ẹ jẹ́ kí á wo Good Will Hunting, tí ó jáde ní 1997. Matt Damon ni ó ṣe Will, ọ̀dọ́mọkùnrin agbálẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ ìbéèrè líle sára bọ́ọ̀dù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agbálẹ̀ yìí kọ ìdáhùn sí i bí ẹni ń ṣeré. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ìtàn gidi kan wà tí ó jọ ọ́. Ní 1939, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ George Dantzig pẹ́ dé kíláàsì ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ó da ìbéèrè méjì kọ láti ara bọ́ọ̀dù, ó ṣebí iṣẹ́ àṣetiléwá ni, kò mọ̀ pé ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí yanjú ni. Ó yanjú wọn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan ni ó fi jókòó tì wọ́n. Nígbà tí ó kó iṣẹ́ náà lọ fún olùkọ́ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì pé ó pẹ́ lọ́wọ́ òun. Àforíjì yẹn ni sinimá kì í ní àyè fún.

Ti A Beautiful Mind, tí ó jáde ní 2001 tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin, tún gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn John Nash ni, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1994. Ẹni tí ó bá wo sinimá náà lè rò pé ìbejì ni ọgbọ́n Nash àti àìsàn ọpọlọ tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún. Iṣẹ́ tí ó gba Nobel fún ti parí ní 1950, nígbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 22. Nǹkan bí 1959 ni àìsàn náà fojú hàn. Àìsàn kọ́ ni ó fún un ní ọgbọ́n. Ńṣe ni ó gba ọ̀pọ̀ ọdún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Hidden Figures ti 2016 sàn ju wọn lọ lójú tèmi. Ó fi àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣiṣẹ́ ìṣirò ní NASA hàn wá: Katherine Johnson, Dorothy Vaughan àti Mary Jackson. Wọ́n ní ẹbí, wọ́n ní ọ̀rẹ́, orí wọn sì pé. Síbẹ̀, ọwọ́ sinimá tún kan àkókò níbẹ̀. Kí John Glenn tó gbéra lọ sí òfurufú ní 1962, ó ní kí Johnson fi ọwọ́ yẹ ìṣirò kọ̀ǹpútà wò. Nínú sinimá, kíá ni ó parí rẹ̀, bí Glenn ti ń dúró de ìdáhùn. Ní ti gidi, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ó fi ṣe é.

Kí ni ó kàn wá nínú èyí? Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tí ó já fáfá nínú lítíréṣọ̀, sọ fún mi pé òun kò ní orí ìṣirò. Mo bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀. Ó ní bí òun bá ka ìbéèrè, kì í yé òun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ṣé ewì máa ń yé ọ lẹ́ẹ̀kan náà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, àkàtúnkà ni." Ta ni ó kọ́ ọmọ yìí pé ewì ni a ń kà ní àkàtúnkà, pé ti ìṣirò gbọ́dọ̀ dà bí mànàmáná? Sinimá nìkan kọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ onímọ̀ ìṣirò ni ìdáhùn tí ó gún régé. Àkísà rẹ̀ ni ìwé tí ó kọ tí ó sì fà ya, ọ̀nà tí ó tọ̀ tí kò já síbì kankan. Aṣọ nìkan ni sinimá ń sá sí gbangba fún wa.

Fíìmù kan tí ó fi àkísà hàn ni èyí tí BBC ṣe ní 1996 nípa Andrew Wiles àti ìṣòro Fermat, tí ó ti wà nílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 350 ọdún. Ọdún méje ni Wiles fi ṣiṣẹ́ náà ní ìdákọ́ńkọ́ kí ó tó kéde rẹ̀ ní 1993. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àlàfo nínú rẹ̀. Ó tún fi bí ọdún kan wá àtúnṣe, òun àti Richard Taylor tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, kí ọ̀nà tó là ní 1994. Nígbà tí ó ń sọ nípa ọjọ́ náà, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí òṣèré kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ní àǹfààní láti fi sinimá kan han àwọn ọmọ, ẹ bá mi fi èyí hàn wọ́n. Bí kò bá sì sí iná tàbí ẹ̀rọ, bọ́ọ̀dù yín tó. Ẹ mú ìbéèrè tí ẹ kò tíì ṣe rí, kí ẹ ṣe é lójú wọn, kí ẹ ṣì í, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí àkísà olùkọ́ rẹ̀ kò ní tijú tirẹ̀.