Ètè àti Làpálàpá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí kí ó tó di pé ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin wá fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn mí.

Ní ọdún kẹrin tí ó wọlé ọkọ, nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró. Inú ìyá ọkọ rẹ̀ dùn, ó rò pé oyún ni. Oṣù mẹ́ta kọjá, ikùn kò yọ. Omi ọyàn ni ó ń rin bùbá ẹni tí kò bímọ rí. Àwọn kan ní ó ti bímọ pamọ́ sí ibì kan. Àwọn mìíràn ní ayé ni ó ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó padà sílé wa ná. Èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́, mo bá wọn san owó ètùtù. Ẹ̀fọ́rí tí ó ń ṣe é, àti bí ó ti ń fi èjìká gbá òpó ẹnu ọ̀nà, a kò kà wọ́n sí.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ní kí ó máa wo iwájú, kí ó sì ka ìka tí ó na sókè. Àbúrò mi kò rí ọ̀kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé prolactin, èròjà tí ó ń mú kí ọyàn sun omi, ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Dókítà ní pituitary ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Abẹ́ ọpọlọ ni ó wà, nínú kòtò egungun tí ó dà bí gàárì ẹṣin. Òkè rẹ̀ gan-an ni iṣan ojú méjèèjì ti pàdé.

Ẹ̀rọ MRI ni a fi wò ó. Paul Lauterbur ni ó kọ́kọ́ tẹ irú àwòrán yìí jáde ní 1973. Òun àti Peter Mansfield sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ náà. A máa mú kí háídrójìn inú omi ara tò. Ìgbì rédíò a sì tì í kúrò ní ipò. Bí ó bá ń padà, a fọhùn, kọ̀ǹpútà a sì fi ohùn náà ya àwòrán. Wọ́n fa oògùn gadolinium sí i lára: pituitary tí ó dá ṣáṣá a tètè mọ́lẹ̀ lójú àwòrán, kókó a ṣú.

Nítorí òòfà, wọ́n ní kí ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀. Èmi ni mo dì í mọ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ariwo ẹ̀rọ ń dún gbì-gbì-gbì.

Kókó náà jẹ́ milimítà 18, ó ti ń ti iṣan ojú. Kò gba iṣẹ́ abẹ. Cabergoline ni wọ́n fún un, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Omi ọyàn gbẹ, nǹkan oṣù padà. Lẹ́yìn ọdún kan, àwòrán mìíràn fi hàn pé kókó ti súnkì, ó sì ti kúrò lára iṣan ojú.

Ọkọ rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, mo sì dá òrùka rẹ̀ padà fún un. Àpò ni ó fi í sí, kò fi í sí ìka.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí, ẹ fi yé wọn pé ẹni tí ó mọ òwe lè máà mọ ètè.