Àlejò Ni Wọ́n Ń Pè Wọ́n

Nígbà tí wọ́n dá àbúrò wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò lè sùn mọ́, ó sì ń dá sọ̀rọ̀. A tì í mọ́lé. Ìtìjú ni. A ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ará ìjọ kankan mọ̀.

Ìyá wa ló bá wa wí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní abúlé àwọn nítòsí Aro, l'Abẹ́òkúta, àlejò ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń fi aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko.

Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn olùwádìí Yunifásítì Cornell ti Amẹ́ríkà wádìí ìlera ọkàn ní àwọn abúlé agbègbè náà; ìwé wọn jáde ní 1963. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni wọ́n wò, wọ́n wo abúlé pẹ̀lú. Níbi tí ìrẹ́pọ̀ ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni ìdààmú ọkàn ti pọ̀ jù.

Èwo nínú abúlé wọ̀nyí ni ilé wa tí a tì pa jọ?

A mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. A sọ fún ìjọ. Arábìnrin méjì ń wá bá a bó ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́. Oorun rẹ̀ kò tíì pé, ṣùgbọ́n lánàá, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.