Kúbùsù Alábùlẹ̀ Màámi: Ìrìn Kan láti Agége dé Ìkẹjà

Bí mo ti ń kọ ìwé yìí, òjò àrọ̀kúrò ń palẹ̀ mọ́ lókè. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń sọ pé ewé igi ń wọ́ lọ́dọ̀ àwọn, àti pé àwọn ti kó aṣọ òtútù jáde. Ní tiwa, ewé kì í wọ́ bẹ́ẹ̀ ní Agége. Àrọ̀kúrò ni tiwa: òjò ìkẹyìn tó máa ń rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé. Àsìkò náà ni ewùrà tuntun máa ń dé ọjà, tí ìjọ máa ń múra ìkórè, tí àwọn ìyá sì máa ń fa agbọ̀n òwú jáde láti abẹ́ ibùsùn.

Bí ẹ bá gba àwọn àdúgbò tó wà lẹ́yìn ojú irin Agége kọjá ní ìrọ̀lẹ́ irú àsìkò yìí, ẹ óò rí ohun tí mo ń wí. Ìyá kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó mú abẹ́rẹ́ gígùn méjì lọ́wọ́, ó ń fi òwú wúùlù hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ tí a kò tí ì bí. Ní ilé kejì, ẹ óò gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà iléèwé, nítorí ọyẹ́ kò ní pẹ́ dé, àwọn òbí kò sì ní fẹ́ kí ọmọ máa gbọ̀n lówùúrọ̀. Ní ilé kẹta, òórùn epo pupa àti edé ti gba gbogbo àyíká. Kò sí ẹni tó ń kọ èyí sínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ilé ró.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, mo mú Màámi lọ wo Ìkẹjà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun náà kí àwọn tó lọ bá Olúwa. Ọkọ̀ yìí ni èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó dé Òyìngbò. Mo ra káàdì fún wọn, mo di ọwọ́ wọn mú, a gòkè. Kì í ṣe ìgbádùn nìkan ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí n kò rí ẹnu sọ, mo sì rò pé bóyá ẹnu mi yóò ṣí bí a bá kúrò nílé.

Ojú irin kì í ṣe ohun tuntun ní Agége. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó, nígbà tó sì di ọdún 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Oko obì ni Agége nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ tó lọ́lá, irú Jacob Kẹ́hìndé Coker, gbin obì àti kòkó síbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni búrẹ́dì dé. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ojú irin ní ọdún 1913, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èbúté-Mẹ́ta ní ọdún 1921. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn búrẹ́dì Agége ló ń tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó la ọ̀nà. Ẹ sì mọ ohun tó mú búrẹ́dì wa yàtọ̀: wọ́n á gba ìyẹ̀fun pípò kọjá láàrin irin yíyípo méjì lọ́pọ̀ ìgbà, títí yóò fi dán, tí yóò sì máa fà bí aṣọ. Òun la fi ń jẹ ẹ̀wà tí àwọn ìyá tó ti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá kọ́ wa ní sísè, èyí tí a ń pè ní ẹ̀wà àgànyìn.

Agége sí Ìkẹjà kò jìnnà. Kí Màámi tó tún gèlè wọn ṣe tán, a ti dé. Mo pe ọkọ̀ kan, mo ní kó gbé wa gba Òpópónà Ọba Akran lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò lè mọ ohun tí ọ̀nà yìí jẹ́ fún àwọn òbí yín. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ló ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ kí a tó gba òmìnira ní ọdún 1960, nítorí Ìkẹjà kò tí ì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Nigerian Textile Mills wà, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ibẹ̀ ni Dunlop ti ń ṣe táyà títí di ọdún 2008. Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń rọ́ wá láti Agége, Ògbà àti Ìyánà Ìpàjà bí eṣú. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò dúró, epo tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ wọ́n, aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun sì kún ọjà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ilé ìhunṣọ ń kógbá sílé. Lónìí, àwọn kan ti di ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kan ti di gbọ̀ngàn àríyá, àwọn mìíràn, kí n má purọ́, ti di ilé ìjọsìn bí tiwa. Mo máa ń dúpẹ́ fún ilé ìjọsìn, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ẹni tó wá gbàdúrà fún iṣẹ́ níbẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí iṣẹ́ wà tẹ́lẹ̀.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìhunṣọ àdúgbò náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n dá òun àti ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, owó tí wọ́n ṣèlérí kò sì pé. Màámi nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, wọ́n ní, “Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń jókòó.” Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń ta àgékù aṣọ ní ìwọ̀n kílò: ìgẹ́rí aṣọ, ìdí ọwọ́, etí àǹkárá. Nígbà tí owó bàbá mi dúró, àgékù náà ni wọ́n fi bọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ó lè wúlò fún ẹnì kan. Wọn á kọ́kọ́ fọ àgékù náà, kí èyí tí yóò ṣí àwọ̀ ti ṣí, kí èyí tí yóò súnkì sì ti súnkì. Wọn á lọ̀ ọ́. Wọn á gé páálí sí igun mẹ́rin, wọn á fi wọn gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè dọ́gba. Wọn á rán an ní méjìméjì, wọn á so ìlà mọ́ ìlà. Lẹ́yìn náà, wọn á tẹ́ ògbólógbòó ìró sílẹ̀, wọn á fi àkísà kúbùsù sí àárín, wọn á da alágékù náà bò ó. Wọn á wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, láti àárín lọ sí etí, kí inú rẹ̀ má baà ṣù jọ. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá ní kí wọ́n yára, wọn á ní, “Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Irú kúbùsù alábùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán fún mi nígbà tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Aṣọ iṣẹ́ bàbá mi wà nínú rẹ̀, aṣọ iléèwé mi wà nínú rẹ̀, àǹkárá tí wọ́n fi sọ àbúrò mi lórúkọ náà wà níbẹ̀.

Ará, ojú tì mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kúbùsù tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù, tó rọ̀, tó ní àwòrán ẹkùn. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ibi tí mo ti rí tèmi, mo ní ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ló fún mi, mo sì tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá pé kí a máa nu ẹsẹ̀ sí i. Mo ń kọ́ bí a ti ń wàásù ìfẹ́ nígbà náà o.

Ní ìgbà ọyẹ́, Màámi wá bẹ̀ mí wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé gàrí, àádùn àti ẹja gbígbẹ wá. Mo ti kíláàsì dé, mo rí wọn níwájú garawa, wọ́n ń fọ kúbùsù náà. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òtútù mú gan-an, òun ni mo fi bora. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà ti há sí mi lọ́fun. Mo ti wàásù nípa Hánà, tó máa ń rán ẹ̀wù kékeré lọ́dọọdún fún Sámúẹ́lì ọmọ rẹ̀. Mo ti wàásù nípa Dọ́káàsì, tí àwọn opó fi ẹ̀wù tó rán fún wọn han Pétérù pẹ̀lú omijé. Ní gbogbo ìgbà, mo mọ̀ pé ẹnu mi kò mọ́ tó.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí a ń padà sí Agége, mo sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi, nítorí àyè kò gbà mí. Mo ní, “Màámi, ẹ foríjì mí nítorí kúbùsù ọjọ́sí.”

Wọ́n wojú fèrèsé. Wọ́n ní, “Ti ẹsẹ̀ tí ẹ nù sí i, ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ ni mo ti fọ ìyẹn kúrò lọ́kàn. Àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ kan kí mi lọ́jọ́ náà. Ó ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́ Mà, ẹ bá wa kí ìyá àgbà tó rán kúbùsù yẹn.’ Ìyẹn ló dùn mí.”

N kò mọ̀ rí pé wọ́n gbọ́ ìyẹn. Omi lé sí mi lójú láàrin èrò. Wọ́n fi ọwọ́ nù ún, wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, “Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwọ náà ti wá ní àkísà báyìí. Dìde, a ti dé Agége.”

A ya ọjà, a ra ewùrà. Nílé, wọ́n jókòó, wọ́n ń pàṣẹ, aya mi ń se ìkọ́kọrẹ́. Ó bó ewùrà, ó rin ín, ó fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí ata, epo, edé àti ẹja gbígbẹ ti hó, ó ń bu ewùrà náà sí i díẹ̀díẹ̀. Màámi ní, “Má tíì rò ó! Jẹ́ kó gbára jọ ná, kó má di ẹ̀kọ.” Ó fi sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kó tó yí i. A jẹun yó.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, Màámi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, àti ọmọkùnrin méjì, bí a ti ń rán alágékù. A tọrọ àgékù lọ́wọ́ àwọn aránṣọ tó wà nítòsí. Mẹ́rin nínú èyí tí wọ́n rán la tà ní ìkórè, a sì kó ìyókù fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò rí owó aṣọ òtútù rà. Kúbùsù tèmi ti gbó, ṣùgbọ́n a gé ibi tó ṣì le níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ bàbá mi sì wà lára èyí tí ọmọ-ọmọ mi fi ń sùn báyìí.

Ojú Màámi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa ki òwú bọ̀ ọ́ fún wọn. Bí mo bá pẹ́ nínú ìpàdé, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe Pásítọ̀, òwú ti já.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo inú àpótí yín. Bóyá súwẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí ìyá yín fi ọwọ́ hun, tàbí aṣọ kan tí ẹ tijú láti wọ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá ṣì wà láàyè, ẹ má jẹ́ kí ọyẹ́ ọdún yìí kọjá kí ẹ tó lọ kí i kú iṣẹ́. Ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé, “Ìyá mi ló ṣe é.” Kí Olúwa bùkún ilé yín.